Ìlú Tí A Kọ́ fún Ọ̀dọ́

Ẹ̀yin ọmọ Káàárọ̀-oòjíire ní Kado, ẹ jẹ́ kí á rántí ibi tí a ti ń bọ̀. Oṣù Kejì ọdún 1976 ni ìjọba Murtala Mohammed fi òfin sọ Àbújá di olú-ìlú. Ọdún 1979 ni ètò ìlú náà jáde. Nígbà tí ìjọba kó dé láti Èkó ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá, 1991, ẹni tí ara rẹ̀ le ló pọ̀ jù nínú wa. Èrò wa ni pé bí a bá pé 60 ọdún, a ó fẹ̀yìn tì, ó dilé nìyẹn.

Ọdún 2005 ló yí i padà. Ìjọba ta ilé rẹ̀ fún òṣìṣẹ́ tó ń gbé inú rẹ̀. Ta ni yóò fi ilé tó fowó rà sílẹ̀, nígbà tí ọmọ àti ọmọ-ọmọ wà níbí? Ṣùgbọ́n ẹni tó ń sáré gun àtẹ̀gùn nígbà náà ti ń di irin rẹ̀ mú báyìí.

Òfin ọdún 2017 dá Ibùdó Àwọn Àgbàlagbà sílẹ̀ fún gbogbo Nàìjíríà. Ó dára, àmọ́ òfin kò lè gbé ìyá àgbà dé ilé ìwòsàn. Kí ẹgbẹ́ wa béèrè ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tó tẹ́jú àti àga lábẹ́ igi lọ́wọ́ ìjọba. Kí akọ̀wé sì kọ́kọ́ kọ orúkọ àwọn àgbà wa tó ń dá gbé sílẹ̀, kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó dé.