Dídán Iná Eré Wò Kí Ilẹ̀ Tó Ṣú

Nígbà tí a bá ń kọ ìtàn eré alẹ́ ilẹ̀ wa, ìlù, orin àti ẹ̀kú ni a máa ń mẹ́nu bà. Iná kì í sábà rí àyè nínú ìwé. Síbẹ̀ iná náà ní ìtàn tirẹ̀, ìtàn náà sì rọ̀ mọ́ ìbéèrè kan: báwo ni ẹni tí ó to iná eré ṣe lè mọ bí yóò ti rí lójú òǹwòran kí alẹ́ ọjọ́ eré tó dé? Lónìí, kọ̀ǹpútà ni ó ń dáhùn. Ẹgbẹ́ tí ó bá fẹ́ yá àtùpà ìtàgé fún àjọ̀dún ní Bassila tàbí ní Manigri yóò jàǹfààní bí ó bá mọ ibi tí ìdáhùn yìí ti wá, àti ohun tí kò lè dáhùn.

Kétu ni kí á ti bẹ̀rẹ̀. Alẹ́ Ẹ̀fẹ̀ ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́ fi ń ṣíde níbẹ̀, àwọn tí wọ́n ṣe ìwádìí lórí rẹ̀ sì ròyìn pé àwọn ẹ̀kú kì í kàn jáde bí ó ti wù wọ́n. Arábì Ajígbálẹ̀ a gbá ojú agbo. Agbéná a ru iná jáde. Apaná a tẹ̀ lé e, kí gbogbo iná lè kú. Nígbà náà ni Ìyánlá yóò wọ agbo nínú òkùnkùn, pẹ̀lú aṣọ funfun gígùn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Tètèdé ń jáde láti pe Ẹ̀fẹ̀. Ẹ wo bí iná àti òkùnkùn ti ń tẹ̀ lé ara wọn: ètò ìmọ́lẹ̀ gan-an ni, a kò kàn kọ ọ́ sórí ìwé ni. Nígbà tí UNESCO dá Gẹ̀lẹ̀dẹ́ lọ́lá ní ọdún 2001, lórúkọ Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò, ère àti orin ni ọ̀pọ̀ ènìyàn yìn. Èmi a máa rántí Apaná.

Ní ilẹ̀ Faransé, ìtàn náà gba ọ̀nà mìíràn. Ní ọdún 1952, Paul Robert-Houdin, ọmọ-ọmọ onídán olókìkí Jean-Eugène Robert-Houdin, gbé eré kan kalẹ̀ ní ààfin Chambord, níbi tí kò sí òṣèré kankan: ìmọ́lẹ̀ lára ògiri, ohùn àti orin láti inú ẹ̀rọ. Èyí ni wọ́n ń pè ní son et lumière. Àṣà náà dé ibi àwọn pírámíìdì Giza ní Íjíbítì ní 1961. Ní oṣù kẹrin ọdún 1966, nígbà àjọ̀dún àgbáyé àkọ́kọ́ fún iṣẹ́ ọnà àwọn aláwọ̀ dúdú ní Dakar, erékùṣù Gorée fúnra rẹ̀ di ìtàgé. Jean Brierre, akéwì ọmọ Haiti, ni ó kọ ọ̀rọ̀ Spectacle féerique de Gorée, tí ó sọ ìtàn erékùṣù náà. Ògiri àti òkun kò ṣeé gbé lọ sí ibi ìdánwò. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí iná yóò ti rí lára ògiri tí iyọ̀ òkun ti jẹ ní láti dúró de alẹ́, kí ó tan án, kí ó wò ó, kí ó pa á, kí ó tún un tò. Alẹ́ a sì tètè mọ́.

Ohun tí ó yí ọ̀rọ̀ padà ni pé iná bẹ̀rẹ̀ sí í ní ìrántí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí orí. Ní 1975, eré A Chorus Line ní Broadway, tí Tharon Musser to iná rẹ̀, lo pátákó ìdarí tí kọ̀ǹpútà ń rántí ètò fún. Ní 1981, ẹgbẹ́ olórin Genesis gbé àtùpà Vari-Lite jáde ní Barcelona, àtùpà tí ń yí orí tí ó sì ń pa àwọ̀ dà láìsí ẹni tí ó fọwọ́ kàn án. Ní 1986, àjọ USITT ní Amẹ́ríkà fi òfin DMX512 lélẹ̀: okùn kan, ojú ọ̀nà 512, nọ́ńbà láti 0 dé 255 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ojú ọ̀nà kan bá ń darí agbára ìmọ́lẹ̀, 0 ni òkùnkùn, 255 ni ìmọ́lẹ̀ kíkún. Àtùpà kan ṣoṣo lè gba ojú ọ̀nà 20, nítorí pé orí rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ àti agbára rẹ̀ ni a ń pàṣẹ fún lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí irú rẹ̀ bá pé ogójì, àwòrán orí ìwé kò lè fi eré náà hàn mọ́. Láàrin àwọn ọdún 1990 ni WYSIWYG, iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ CAST ní Toronto, jáde.

Ọ̀nà tí irú ètò kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ ń gbà ṣiṣẹ́ kò ṣòro. A ó ya ìtàgé sínú rẹ̀ ní ìwọ̀n tòótọ́, a ó gbé àtùpà kọ̀ọ̀kan sí ibi tí yóò wà. Àwọn nọ́ńbà tí pátákó ìdarí ń rán yóò wọ inú kọ̀ǹpútà dípò kí wọ́n lọ bá àtùpà, ojú kọ̀ǹpútà yóò sì fi ìtànṣán hàn bí ó ti ń rìn. Àwọn Faransé ń pè é ní prévisualisation. Akẹ́kọ̀ọ́ lè fi QLC+, tàbí Blender pẹ̀lú àfikún BlenderDMX, ṣe é lónìí láìsan fàráǹkì kan.

Fún wa, èrè rẹ̀ hàn kedere. Ẹrù tí a yá ní Cotonou ní láti gba Dassa, Savalou àti Bantè kí ó tó dé Bassila. Bí ó bá dé ní ọ̀sán, tí eré yóò sì bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìrun alẹ́, wákàtí mélòó ni ó kù? Oòrùn kì í jẹ́ kí a rí iná tí a ń dán wò, epo ẹ̀rọ amúnáwá sì ń tán. Ẹni tí ó ti fi ọ̀sẹ̀ méjì tò ó nínú kọ̀ǹpútà kò ní ju kí ó tún ojú àtùpà ṣe díẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n òde wa kì í ṣe inú kọ̀ǹpútà. Níbẹ̀, èéfín jẹ́ nọ́ńbà tí a ń fi kún tàbí tí a ń dín kù. Ní ìgbà ọyẹ́, eruku aṣálẹ̀ ni ó ń fi ìtànṣán hàn, afẹ́fẹ́ sì ń gbé e lọ gbé e bọ̀. Aṣọ aláró ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì: iná tí ó tutù, tí ó sì dára lójú kọ̀ǹpútà, lè sọ ẹni tí ó wọ aṣọ náà di òjìji.

Èyí tí ó dùn mí jù ni ti òkùnkùn. Nínú eré ìta gbangba kan tí mo wò, ní ìlú tí n kò ní dárúkọ, ẹni tí ó to iná ti dán ohun gbogbo wò nílé rẹ̀, kò sì sí àṣìṣe kankan nínú nọ́ńbà rẹ̀. Ní àkókò tí ó yẹ kí gbogbo òde ṣókùnkùn, àtùpà méjìlá lajú lẹ́ẹ̀kan náà sára ẹ̀kú. Lójú kọ̀ǹpútà, àlàfo ni ó rí níbẹ̀, ó sì dí i. Kò sí ẹni tí ó sọ fún un pé àlàfo náà ní ẹni tí ó ni ín. Àwọn ìyá àgbà dìde, wọ́n gba ilé lọ. Eré kò tíì dé ìdajì.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí, ẹ gbé kọ̀ǹpútà náà tọ àwọn bàbá àti ìyá tí wọ́n mọ ètò alẹ́ náà lọ. Ẹ fi hàn wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹ sì béèrè ibi tí iná kò gbọdọ̀ dé. Ẹ kọ ibẹ̀ sínú ètò ní 0, kí ẹ sì fún un lórúkọ, kí ẹni tí yóò tún ètò náà lò lọ́dún tí ń bọ̀ má baà rò pé ẹ gbàgbé. Lẹ́yìn náà, ní nǹkan bí oṣù kan ṣáájú, nígbà tí òṣùpá bá tóbi bí yóò ti tóbi lọ́jọ́ eré, ẹ mú àtùpà kan àti aṣọ aláró kan lọ sí ojúde náà lálẹ́.