Ọ̀nà Kan Ò Wọ Ọjà: Ìtàn Iṣẹ́ Abẹ Ìpá

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo gbé wá lónìí: ìpá. Ohun tí àwọn baba wa ń pè bẹ́ẹ̀ ni ìwúlé tó ń yọ níbi tí ikùn ti pàdé itan, nígbà tí ìfun bá gba ojú ihò kan nínú ẹran ikùn jáde. Ọkùnrin tó bá ní in a máa fi aṣọ bò ó, ojú a sì máa tì í láti dárúkọ rẹ̀.

Ní Asese, lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, bàbá kan tí mo mọ̀ sọ tiwọn fún mi. Dókítà ti ní kí wọ́n wá ṣe iṣẹ́ abẹ, ṣùgbọ́n wọ́n ní owó iṣẹ́ abẹ oníkámẹ́rà ni àwọn ń tù jọ, pé ti àtijọ́ kò dára mọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ló rán mi lọ sínú ìtàn.

Ní 1884, Edoardo Bassini ní ìlú Padua, ní Ítálì, bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú ibẹ̀, ó ń dá ìfun padà, ó sì ń fi okùn rán ẹran mọ́ ẹran. Àléébù ibẹ̀ ni pé ẹran tí a fi agbára fà pọ̀ a máa dunni, ó sì lè tún ya. Nígbà tó di 1984, Irving Lichtenstein ní Los Angeles yí i padà: ó tẹ́ àwọ̀n pẹlẹbẹ lé ojú ihò náà, bí aránṣọ ṣe ń lẹ aṣọ tó ya. Abẹ́rẹ́ tó ń mú ojú ibẹ̀ nìkan kú ti tó fún un.

Oníkámẹ́rà gbòde ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Ihò kéékèèké bíi mẹ́ta ni wọ́n ń dá sí ikùn. Kámẹ́rà a gba ọ̀kan wọlé, irinṣẹ́ a gba ìyókù, wọn a sì tẹ́ àwọ̀n láti ẹ̀yìn. Lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n ní láti fi oògùn mú aláìsàn sùn fọnfọn. Èrè rẹ̀ ni pé ìrora a dín kù, èèyàn a sì tètè padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ṣùgbọ́n ìwádìí kan tó jáde ní 2004, láàárín àwọn ológun tó ti fẹ̀yìn tì ní Amẹ́ríkà, fi hàn pé láàárín ọdún méjì, ìpá padà wá sára nǹkan bí 10 nínú 100 àwọn tí a ṣe oníkámẹ́rà fún, àti 5 nínú 100 àwọn tí a la ojú ibẹ̀. Ọwọ́ tó bá ti mọ iṣẹ́ náà dunjú ló ń dín in kù. Ní Uganda, ìwádìí tó jáde ní 2016 lo àwọ̀n ẹ̀fọn tí wọ́n ti sè mọ́ tónítóní nínú iṣẹ́ abẹ tí a la ojú ibẹ̀: nínú àwọn tí a fi í ṣe, ìpá ẹnì kan ṣoṣo ló padà wá láàárín ọdún kan.

Mo padà sọ́dọ̀ bàbá. Mo ní, “Bàbá, àwọ̀n ló ń di ihò náà lọ́nà méjèèjì. Ewu tó wà níbẹ̀ ni ìdúró yín. Bí ìfun bá há tí ẹ̀jẹ̀ kò dé ibẹ̀ mọ́, wákàtí ni a ó máa kà, kì í ṣe oṣù. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, àmọ́ ẹni tó jókòó sílé kò lè dé ọjà.”

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi mí léèrè ọkọ̀ tó ń lọ sí Ṣágámù.

Ire o.