Groovebox: Kí ni ẹ̀rọ orin yìí, kí ló sì yẹ kí a mọ̀ kí a tó rà á?

Ẹ̀rọ kan wà tí kò tóbi ju ìwé ńlá lọ, tí ìlù, ohùn dùùrù àti ìrántí orin sì pàdé nínú rẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo lè jókòó tì í, kó sì to orin kalẹ̀ láìlo kọ̀ǹpútà. Groovebox ni wọ́n ń pè é.

Owó ẹ̀rọ yìí kò kéré, pàápàá fún ọ̀dọ́ tó ń fi orin wá oúnjẹ òòjọ́. Ẹni tó bá mọ ohun tó lè ṣe àti ibi tí agbára rẹ̀ mọ kó tó rà á ni yóò jẹ àǹfààní rẹ̀. Àlàyé rẹ̀ rèé.

Kí ló wà nínú groovebox?

Ohun mẹ́ta ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Èkíní ni ẹ̀rọ ìlù. Èkejì ni synthesizer, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi iná mànàmáná ṣẹ̀dá ohùn. Ẹ̀kẹta ni sequencer, tó ń rántí ohun tí a tẹ̀, tó sì ń tún un lù léraléra láìṣì.

Àwọn kan tún ní ẹ̀kẹrin, ìyẹn sampler. Èyí máa ń gba ohùn láti òde, á sì sọ ọ́ di ohun tí a lè fi bọ́tìnì lù.

Níbo ló ti ṣẹ̀ wá?

Ilé iṣẹ́ Roland, tí Ikutaro Kakehashi dá sílẹ̀ nílùú Osaka lórílẹ̀-èdè Japan lọ́dún 1972, ló gbé ẹ̀rọ ìlù TR-808 jáde lọ́dún 1980. Ohùn rẹ̀ kò jọ ti ìlù gidi, ọ̀pọ̀ olórin ìgbà náà kò sì kà á sí. Lẹ́yìn nǹkan bí 12,000 tí wọ́n ṣe, ilé iṣẹ́ náà dáwọ́ rẹ̀ dúró lọ́dún 1983.

Àmọ́ nígbà tí owó rẹ̀ wálẹ̀ lọ́jà àlòkù, àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú ní New York, Detroit àti Chicago rà á. Òun àti àwọn ẹ̀rọ bíi rẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n fi gbé orin hip-hop, techno àti house kalẹ̀.

Lọ́dún 1988, ilé iṣẹ́ Akai gbé MPC60 jáde, èyí tí Roger Linn ará Amẹ́ríkà ṣe ètò rẹ̀. Ó so sampler àti sequencer pọ̀ sójú kan. Lọ́dún 1996 ni Roland wá gbé MC-303 jáde, ẹ̀rọ àkọ́kọ́ tí wọ́n fún ní orúkọ groovebox. Korg Electribe tẹ̀ lé e lọ́dún 1999, Novation Circuit dé lọ́dún 2015, Elektron Digitakt sì dé lọ́dún 2017.

Ṣé ohun àjèjì ni irú orin yìí ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà?

Rárá o. Láàárín ọdún 1977 sí 1985, William Onyeabor gbé àwo orin jáde láti Enugu, synthesizer àti ẹ̀rọ ìlù sì ló gbilẹ̀ nínú wọn. Lẹ́yìn náà ló fi orin sílẹ̀ nítorí ìgbàgbọ́ Kristẹni rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìgbàgbé kí ilé iṣẹ́ Luaka Bop ní Amẹ́ríkà tó kó àwọn orin náà jọ sínú àwo kan lọ́dún 2013. Ó jáde láyé ní oṣù Kínní ọdún 2017.

Lórílẹ̀-èdè Niger, Mamman Sani fi dùùrù oníná lu àwọn orin ìbílẹ̀ ilẹ̀ rẹ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì lọ́dún 1978. Àwọn méjèèjì fi hàn pé ọwọ́ tó ń lo ẹ̀rọ ló ń sọ irú orin tí yóò ti inú rẹ̀ jáde.

Báwo la ṣe ń lò ó?

Ọ̀pọ̀ groovebox ní bọ́tìnì 16 lórí ìlà. Bí a bá tẹ bọ́tìnì 1, 5, 9 àti 13 fún ìlù ńlá, ìró tó dọ́gba tí a ń gbọ́ nínú orin house ló máa jáde. Bí ìyára rẹ̀ bá jẹ́ ìlù 120 láàárín ìṣẹ́jú kan, ìṣẹ́jú àáyá méjì péré ni ìlà náà máa fi yípo lẹ́ẹ̀kan.

Bí a bá wá fi ohùn agogo sí bọ́tìnì 1, 4, 7, 11 àti 13, ìró agogo kpanlogo ti àwọn Ga nílùú Accra ló dé yẹn.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo orin ilẹ̀ wa ló ń rìn lórí 16. Agogo gankogui tí àwọn Ewe ní Ghana àti Togo ń lù nínú ijó Agbekor ń rìn lórí 12. Ẹni tó bá fẹ́ gbé e sórí ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dín gígùn ìlà náà kù sí 12, kó tó tẹ bọ́tìnì 1, 3, 5, 6, 8, 10 àti 12.

Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tó yẹ kí a bi ẹni tó ń tà á ni bóyá gígùn ìlà náà ṣe é yí padà. Ẹ̀rọ tí kò bá gbà bẹ́ẹ̀ yóò máa fi tipátipá fa gbogbo orin sínú 16.

Kí ni ká ṣe sí ìlù tó ń sọ̀rọ̀?

Ìró ìlù òkè òkun ló sábà máa ń pọ̀ jù nínú ẹ̀rọ tuntun. Sampler ló ń jẹ́ kí a fi ìlù tiwa kún un, ì báà jẹ́ gángan Yorùbá tàbí lunga ti àwọn Dagomba ní àríwá Ghana.

Irú ìlù bẹ́ẹ̀ fẹ́ ìṣọ́ra, nítorí ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ló fi ń pe ọ̀rọ̀. Bí a bá gé e wẹ́wẹ́, tàbí tí a yí gíga ohùn apá kan nínú rẹ̀ padà kó lè bá orin mu, oríkì lè di ọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀, ó tilẹ̀ lè di èébú. Ó yẹ kí onílù fúnra rẹ̀ tẹ́tí sí i kí orin tó jáde, kí àdéhùn sì ti wà lórí orúkọ rẹ̀ àti owó tó tọ́ sí i.

Ọ̀rọ̀ iná ńkọ́?

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń pàdánù. Bí iná bá lọ nígbà tí a kò tíì fi iṣẹ́ pamọ́, ọ̀pọ̀ groovebox kò ní rántí ohun tí a ṣe. Ó yẹ kí èèyàn mọ bọ́tìnì tí a fi ń fi iṣẹ́ pamọ́ kó tó mọ èyí tí a fi ń lùlù.

Ẹ̀rọ kan sì yàtọ̀ sí òmíràn. Novation Circuit ti ọdún 2015 àti Korg Volca ń lo bátìrì AA mẹ́fà. Roland MC-101 ń lo mẹ́rin, ó sì lè gba iná láti inú power bank nípasẹ̀ okùn USB. Digitakt ti ọdún 2017 kò ní bátìrì rárá. Bí iná bá lọ, iṣẹ́ dúró nìyẹn.

Ẹ tún yẹ ṣájà wò. Iná 230 volt ni Nàìjíríà àti Ghana ń lò, 100 ni Japan ń lò, 120 sì ni ti Amẹ́ríkà. Bí wọ́n bá kọ 100–240V sára ṣájà, kò séwu. Bó bá jẹ́ 100V tàbí 120V nìkan, ó lè jó, kó sì ba ẹ̀rọ jẹ́.

Pé ẹnu ṣájà wọ inú ẹ̀rọ kò túmọ̀ sí pé wọ́n bá ara wọn mu. Ẹ fi àmì + àti − tó wà lára méjèèjì wéra, nítorí àwọn ẹ̀rọ kan fi − sí àárín, àwọn mìíràn sì fi + sí i.

Kí la máa yẹ̀ wò lára àlòkù?

Ẹ tan án kí ẹ tó sanwó. Ẹ tẹ gbogbo bọ́tìnì, ẹ yí gbogbo èyí tó ń yí. Bó bá ń dún kàràkàrà, eruku lè ti wọ inú rẹ̀. Ẹ ṣe ìlù kékeré kan, ẹ fi pamọ́, ẹ pa ẹ̀rọ náà, kí ẹ tún un tàn. Bí ìlù náà kò bá sí níbẹ̀ mọ́, ẹ má rà á.

Lẹ́yìn tí ẹ bá rà á, ẹ máa fi aṣọ bò ó, pàápàá nígbà ọyẹ́, kí ẹ má sì fi í sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tó wà nínú oòrùn.

Ẹ rántí pé ọ̀pọ̀ groovebox kò lè gba ohùn akọrin sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ orin dé òpin. Ẹni tó bá fẹ́ kọrin lé ìlù náà yóò ṣì nílò kọ̀ǹpútà tàbí ilé ìgbohùnsílẹ̀. Bí ojúlùmọ̀ kan bá ní ọ̀kan, ẹ yá a lò fún ọjọ́ díẹ̀ ná, kí ẹ fi ṣe orin kan parí, kí ẹ tó ná owó tiyín.