"Own" àti "Occupy": Ọ̀rọ̀ Méjì Lórí Ilẹ̀ Kan

Ẹ bi àgbẹ̀ kan ní Ofosu, ní ilẹ̀ Ìdànrè, ta ló ni oko kòkó tó wà níwájú rẹ̀. Yóò ní, "Èmi ni mo ni ín." Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nìyẹn lẹ́nu wa. Ṣùgbọ́n àwọn amòfin òyìnbó ní mẹ́ta mẹ́rin tó jọra bí ìbejì: "own", "hold", "occupy", "control". Èyí tí wọ́n bá kọ sínú ìwé ló ń sọ iye tí èèyàn yóò gbà lọ́jọ́ tí ìjọba bá fẹ́ ilẹ̀ náà.

Èkó la ti kọ́kọ́ rí i. Ní ọjọ́ 6 oṣù August 1861, lábẹ́ ìbọn ọkọ̀ ogun Prometheus, Ọba Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé tó fi Èkó lé Queen Victoria lọ́wọ́. Ní 1913 ìjọba fẹ́ gba ilẹ̀ ẹbí Olúwa ní Àpápá. Ilé ẹjọ́ níbí sọ pé "control" lásán ni Olóyè Amodu Tijani, Olúwa ti Èkó, ní lórí rẹ̀, kì í ṣe "ownership". Kékeré kọ́ ni ìyàtọ̀ yẹn o! Owó díẹ̀ ni ti alábòójútó. Ẹni tó ni ín gan-an ló ń gba owó ilẹ̀. Olúwa kò gbà. Ní 1920 òun àti Herbert Macaulay wọkọ̀ ojú omi lọ sí London. Ní 1921 Privy Council dá a láre, pé ìwé Dòsùnmú kò pa ẹ̀tọ́ àwọn onílẹ̀ rẹ́. £22,500 ni wọ́n san.

Àfi ìgbà tó di 29 March 1978 tí òfin Land Use jáde. Ó kó ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sọ́wọ́ gómìnà, pé kó máa bá aráàlú tọ́jú rẹ̀. "Own" kúrò nílẹ̀, "right of occupancy" rọ́pò rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ni C of O tí à ń torí rẹ̀ sáré kiri ọ́fíìsì. Bí ìjọba bá wá gba ilẹ̀, kòkó àti ilé orí rẹ̀ ni wọ́n ń díye lé. Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ńkọ́? Owó ìṣákọ́lẹ̀ ọdún yẹn nìkan.

Ní Ofosu ó tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí igbó ìjọba wà níbẹ̀. Ẹni tó bá gbin kòkó síbẹ̀ láìgbàṣẹ, ìwé kì í pè é ní "occupier", "encroacher" ni. Kòkó náà ìbáà ti so fún ogún ọdún, bí àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó bá gé e lulẹ̀, kò sẹ́ni tó jẹ ẹ́ ní kọ́bọ̀.