Ìmọ̀ Tó Ń Ti Ọ̀dọ̀ Aládùúgbò Bọ̀

Ní ọjọ́ 20 Oṣù Keje ọdún 2014, Patrick Sawyer ti Làìbéríà sọ̀ sí Ìkẹjà, àìsàn ti wọ̀ ọ́ lára. Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn náà ló kú. Èkó tí èrò ń wọ́ bí omi ni Ebola wọ̀ yẹn, síbẹ̀ ènìyàn 20 péré ló mú ní Nàìjíríà, 8 nínú wọn ló kú.

Kí ló fà á? Wọ́n ní kí Dókítà Ameyo Adadevoh tó ń tọ́jú Sawyer jẹ́ kí aláìsàn náà máa lọ, ó kọ̀ jálẹ̀. Àrùn náà ló padà pa òun fúnra rẹ̀. Ilé ìwòsàn LUTH àti Yunifásítì Redeemer's yẹ ẹ̀jẹ̀ wò nílé níbí. Lẹ́yìn náà, àwọn tó ti ń bá àrùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ jà bọ́ sí ìgboro. Wọ́n ń kan ilẹ̀kùn ẹni tó fara kan aláìsàn, wọ́n ń wọn ìgbóná ara rẹ̀, wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀, ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, wọ́n tún dé, títí ọjọ́ 21 fi pé. Irú ìbẹ̀wò bẹ́ẹ̀ lé ní 18,000.

Ìmọ̀ yẹn kò jókòó sílé.

Kí ọdún náà tó parí, Nàìjíríà ti kó àwọn olùyọ̀ǹda iṣẹ́ ìlera lọ sí Làìbéríà àti Sẹ̀rà Léònì. Kúbà ti òkè òkun pàápàá kó òṣìṣẹ́ ìlera 165 wá sí Sẹ̀rà Léònì. Nígbà tí Kòrónà ń bọ̀ lọ́dún 2020, Dakar ní Sẹ̀nẹ̀gàl àti Gúúsù Áfíríkà nìkan ló kọ́kọ́ lè yẹ̀ ẹ́ wò ní Áfíríkà. Dakar pe àwọn onímọ̀ orílẹ̀-èdè mìíràn jọ, ó kọ́ wọn. Ní Oṣù Kẹta, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Redeemer's tó wà ní Ẹdẹ tú àbùdá kòkòrò tí wọ́n rí lára aláìsàn àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà palẹ̀. Òun ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ fún kòkòrò Kòrónà ní Áfíríkà.

Àwọn kan á ní owó Báńkì Àgbáyé ló gbé ibùdó Ẹdẹ ró. Òótọ́ ni, ibẹ̀ gan-an sì ni ewu wà. Ní Oṣù Kọkànlá ọdún 2021, Botswana àti Gúúsù Áfíríkà tú àṣírí Omicron, ẹ̀yà Kòrónà tuntun, fáyé; ẹ̀san tí wọ́n gbà ni pé àwọn orílẹ̀-èdè olówó ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fi Nàìjíríà náà kún un. Bí ẹni tó ń fún ni lówó bá lè ti ilẹ̀kùn báyìí, ó lè fa ọwọ́ owó náà sẹ́yìn pẹ̀lú. Àfi kí àwọn ìjọba Áfíríkà fúnra wọn máa náwó sí yàrá àyẹ̀wò àti ìdálẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n jọ ń lò.

Àbújá ni àwọn olórí Áfíríkà ti ṣèlérí lọ́dún 2001 pé ìdá 15 nínú 100 owó ìṣúná yóò máa lọ sí ìlera. Nàìjíríà tó gbà wọ́n lálejò kò tíì dé ibẹ̀ rí.