Eré márùn-ún tí ẹgbẹ́ ọmọdé lè fi kọ́ iṣẹ́ awalẹ̀pìtàn

Ìsinmi ilé ìwé dé, ẹ̀yin tí ẹ ń darí ẹgbẹ́ ọmọdé sì ń wá ohun tí ẹ óò fi mú ọwọ́ wọn dí. Ìtàn ni a mú wá fún yín lọ́tẹ̀ yìí, àmọ́ kì í ṣe èyí tí ọmọ ń jókòó há sórí. Wọn yóò gbẹ́ yanrìn, wọn yóò to àpáàdì, wọn yóò sì fọ̀rọ̀ wá àgbà lẹ́nu wò. Kò gba owó ńlá. Ọmọ ọdún méje sí mẹ́tàlá ló bá a mu jù, kí àgbàlagbà méjì ó kéré tán sì wà pẹ̀lú wọn.

Kí ni awalẹ̀pìtàn ń wá gan-an?

Awalẹ̀pìtàn ni ẹni tó ń walẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti mọ bí àwọn ará àtijọ́ ṣe gbé ayé. Ọ̀pọ̀ ọmọ, àti àgbà pàápàá, rò pé wúrà tàbí ère olówó iyebíye ló ń wá kiri. Rárá o. Ohun tó jẹ ẹ́ lógún jù ni ibi tí nǹkan wà nínú ilẹ̀, bó ṣe jìn tó, àti ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ẹ wo Igbó Olókùn ní Ilé-Ifẹ̀. Ó pẹ́ tí àwọn èèyàn ti ń hú ìlẹ̀kẹ̀ níbẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ tó kúrò nílẹ̀ lọ́nà bẹ́ẹ̀ kò lè sọ ìtàn púpọ̀ mọ́ ju pé ó rẹwà lọ, àwọn onímọ̀ kan tilẹ̀ rò nígbà kan pé gíláàsì tí wọ́n kó wá láti òkè òkun ni wọ́n fi ṣe é. Ìwádìí tí Ọ̀mọ̀wé Abidemi Babatunde Babalola gbé jáde lọ́dún 2017 ló yí ọ̀rọ̀ padà. Ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n rí nígbà tí wọ́n fara balẹ̀ walẹ̀ níbẹ̀ lé ní 12,000. Ṣùgbọ́n wọ́n tún bá àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ gíláàsì àti pàǹtí iṣẹ́ náà níbi kan náà. Nígbà tí wọ́n yẹ èròjà inú gíláàsì ọ̀hún wò, ó hàn pé àwọn ará Ifẹ̀ fúnra wọn ló ń ṣe é, láàárín nǹkan bí ọdún 1000 sí 1500.

Ìlẹ̀kẹ̀ kan náà ni o. Èyí tí wọ́n hú tà dákẹ́. Èyí tí wọ́n kọ ibi tó wà sílẹ̀ ló sọ̀rọ̀. Ohun tí eré márààrún yìí ń kọ́ ọmọ nìyẹn.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

Ẹ má kó àwọn ọmọ lọ walẹ̀ níbi tí nǹkan àtijọ́ wà. Òfin Nàìjíríà tọdún 1979 tó dá àjọ tó ń bójú tó mùsíọ́mù sílẹ̀ kò gba ẹnikẹ́ni láàyè láti walẹ̀ wá ohun ìṣẹ̀ǹbáyé láìgba àṣẹ. Nǹkan tí ẹ̀yin fúnra yín rì mọ́lẹ̀ ni àwọn ọmọ yóò hú.

1. Àpótí ìwalẹ̀

Ẹ wá páálí ńlá tàbí ike tí a fi ń fọ aṣọ. Ẹ da ilẹ̀ pupa sí ìsàlẹ̀, yanrìn tí ẹ pò mọ́ eérú sí àárín, kí ilẹ̀ dúdú wà lókè. Ìpele mẹ́ta nìyẹn. Ẹ rì àpáàdì àti owó ẹyọ sínú ìpele ìsàlẹ̀. Èédú, ìlẹ̀kẹ̀ àti kọ́bọ̀ àtijọ́ sáàárín. Ìdérí ìgò míníràlì àti bírò tó ti gbẹ sókè. Ẹ ta okùn lé e lórí ní ìbú àti òòró kó lè pín sí ojú mẹ́rin tàbí mẹ́fà, kí ẹ sì fún ojú kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà.

Síbí àti búrọ́ọ̀ṣì ni kí wọ́n fi gbẹ́ ẹ, kì í ṣe ọwọ́. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fa nǹkan yọ bó bá ṣe rí i. Wọn yóò kọ́kọ́ kọ ojú tó wà, wọn yóò fi rúlà wọn bó ṣe jìn tó, wọn yóò ya àwòrán rẹ̀, kí wọ́n tó gbé e. Asẹ́ ni kí wọ́n fi jọ ilẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ jáde, nítorí ìlẹ̀kẹ̀ kékeré máa ń sá mọ́ni lójú.

Lẹ́yìn náà, ẹ bi wọ́n pé èwo ló kọ́kọ́ wà nílẹ̀. Èyí tó wà nísàlẹ̀ jù ló sábà máa ń pẹ́ jù. Fún àwọn tó dàgbà díẹ̀, ẹ lè dẹ pàkúté: kí ẹ tó kó wọn dé, ẹ gbẹ́ ihò tóóró láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹ ju ìdérí ìgò kan sí i, kí ẹ sì fi ilẹ̀ dúdú dí i. Ọmọ tó bá ṣàkíyèsí pé àwọ̀ ilẹ̀ yàtọ̀ níbẹ̀ yóò mọ̀ pé ẹnì kan ló gbẹ́lẹ̀ níjọ́sí. Ní ìparí, ẹ fa kọ́bọ̀ kan yọ látinú àpò yín, kí ẹ ní kí wọ́n sọ ìpele tó ti wá. Wọn ò ní lè sọ ọ́. Ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà ti wọlé nìyẹn.

2. Ìkòkò tó fọ́

Ẹ ra ìkòkò amọ̀ méjì tí kò jọra lọ́jà. Àgbàlagbà ni kó fi wọ́n sínú àpò, kó fọ́ wọn, kó sì fi òkúta ra etí tó bá mú. Ẹ da gbogbo rẹ̀ pọ̀, kí ẹ sì mú bí ìdá kan nínú mẹ́rin kúrò, nítorí kò wọ́pọ̀ kí awalẹ̀pìtàn rí gbogbo ìkòkò. Kí àwọn ọmọ fi àwọ̀, ìnípọn àti iṣẹ́ ara yà wọ́n sọ́tọ̀, kí wọ́n sì fi gọ́ọ̀mù tò wọ́n padà. Bí wọ́n bá gbé àfọ́kù etí ìkòkò lé orí onírúurú òbìrí tí ẹ yà sórí páálí, èyí tó bá bá a mu yóò sọ bí ẹnu ìkòkò náà ṣe fẹ̀ tó.

Ẹ tún fún wọn ní amọ̀ tútù àti ṣùkù àgbàdo. Kí wọ́n yí ṣùkù náà lórí amọ̀, kí wọ́n sì wo àpá tó fi sílẹ̀. Irú àpá yìí wà lára ọ̀pọ̀ ìkòkò àtijọ́ nílẹ̀ Yorùbá, ó sì ní ohun tó ń sọ. Amẹ́ríkà ni àgbàdo ti wá, èyí tí àwọn onímọ̀ fi ń sọ pé kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa ṣáájú ọdún 1492. Ìkòkò tó bá ní àpá ṣùkù lára kò lè dàgbà jùyẹn lọ.

3. Títo àpáàdì

Ní Ifẹ̀ àtijọ́, àpáàdì ni wọ́n fi tẹ́ ọ̀pọ̀ àgbàlá. Wọ́n á to àfọ́kù náà ní ìdúró, ọ̀kan ti èkejì, bíi eegun ẹja. Níbòmíràn, wọ́n á fi òkúta wẹ́wẹ́ funfun há a láàárín. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé Ọọ̀ni Lúwòó, tó jẹ́ obìnrin, ló pa á láṣẹ. Irú rẹ̀ wà dé ilẹ̀ Tógò. Ẹ po amọ̀ sínú páálí pẹlẹbẹ, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan to tirẹ̀, kí ó gbẹ, kí ẹ sì da omi lé e lórí. Wọn yóò rí i fúnra wọn pé ilẹ̀ tí wọ́n tẹ́ báyìí kì í tètè di pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ nígbà òjò.

4. Gbọ́ lẹ́nu àgbà

Èyí sún mọ́ iṣẹ́ rédíò, nítorí náà ẹ jẹ́ ká tẹ̀ ẹ́ mọ́ yín létí dáadáa. Kí ọmọ méjì lọ bá àgbà kan: ọ̀kan á béèrè, ìkejì á di fóònù tó ń gba ohùn sílẹ̀ mú. Ẹ pa fáànù, ẹ jìnnà sí jẹnẹrétọ̀. Kí wọ́n kúnlẹ̀ tàbí kí wọ́n dọ̀bálẹ̀, kí wọ́n tọrọ àyè kí wọ́n tó tẹ fóònù. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n béèrè ohun tí bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ tó láti dáhùn. Dípò “Ṣé ọjà yìí ti pẹ́?”, kí wọ́n ní, “Mámá, kí ni wọ́n ń tà lọ́jà yìí nígbà tí ẹ wà lọ́mọdé?” Kí wọ́n dákẹ́ títí àgbà á fi parí ọ̀rọ̀.

Bí àgbà ò bá mọ ọdún, kò séwu. Ẹ lo ohun tí gbogbo ayé rántí: ṣé kó tó di pé mọ́tò kúrò lápá òsì bọ́ sápá ọ̀tún ni, lọ́jọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972? Ṣé lẹ́yìn tí náírà dé ni, lọ́dún 1973? Kí wọ́n bi àgbà méjì nípa ohun kan náà, kí wọ́n sì kọ ibi tí ọ̀rọ̀ wọn ti pàdé àti ibi tó ti yàtọ̀ sílẹ̀. Kò túmọ̀ sí pé ẹnì kan ń purọ́. Ibi tí kálukú dúró sí ló ti wo nǹkan.

5. Okùn ogún mítà

Ẹ na okùn 20 mítà sórí pápá. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ pé ní Ìjẹ̀bú, ògiri àti yàrà tí à ń pè ní Erédò Ṣùngbọ́ ga tó báyìí láwọn ibì kan láti ìsàlẹ̀ dókè, ó sì gùn tó nǹkan bí 160 kìlómítà. Kí wọ́n fi ìṣísẹ̀ wọn wọn okùn náà, kí wọ́n sì rò ó wò: irinṣẹ́ wo ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ, ta ló ń gbé oúnjẹ fún àwọn òṣìṣẹ́? Bí owó ọkọ̀ bá wà, ẹ kó wọn lọ wò ó, tàbí kí ẹ lọ sí mùsíọ́mù Ilé-Ifẹ̀.

Bí ọmọ bá rí ojúlówó ńkọ́?

Ó lè ṣẹlẹ̀ o. Lọ́dún 1938, àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní Ifẹ̀ ni ṣọ́bìrì wọn kan àwọn orí ère onídẹ tí gbogbo ayé mọ̀ lónìí. Kò pẹ́ tí díẹ̀ nínú wọn fi kúrò nílùú. Méjì dé Amẹ́ríkà kí wọ́n tó dá wọn padà. Ọ̀kan wà ní British Museum nílùú Lọ́ńdọ̀nù títí dòní.

Ẹ kọ́ wọn ní ohun mẹ́rin: dúró, má fà á yọ, ya fọ́tò rẹ̀ níbi tó wà, pe àgbàlagbà. Kí àgbàlagbà náà fi tó mùsíọ́mù tó bá sún mọ́ wọn létí. Ẹ ò gbọdọ̀ tà á, ẹ ò sì gbọdọ̀ rà á.

Àwọn ọmọ yìí ni bíríkìlà, onílẹ̀ àti awakọ̀ katapílà lọ́la. Ọjọ́ tí irin bá kan nǹkan àjèjì nínú ilẹ̀, ọ̀kan nínú wọn yóò ní kí wọ́n dá iṣẹ́ dúró ná.