Físà Ìkọjá Tó Gba Ẹ̀mí Là

Oríṣiríṣi físà ló wà. Ọ̀kan wà fún ẹni tó fẹ́ lọ kàwé, òmíràn wà fún ẹni tó fẹ́ lọ ṣiṣẹ́. Èyí tí a kì í sábà gbọ́ nípa rẹ̀ ni físà ìkọjá. Kò fún ènìyàn láṣẹ láti gbé ní ìlú, ohun tó ń sọ kò ju pé, "Máa gba ibí kọjá lọ." Ọmọ Nàìjíríà tó bá fẹ́ wọ ọkọ̀ òfurufú mìíràn ní Lọ́ńdọ̀nù sábà máa ń nílò irú rẹ̀, bí kò tilẹ̀ ní jáde ní pápákọ̀. Ó jọ ohun kékeré. Ṣùgbọ́n ìtàn ọdún 1940 fi yé mi pé ikú àti ìyè lè wà nínú rẹ̀.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1939, Jámánì kọlu Pólándì láti ìwọ̀-oòrùn, Sófíẹ̀tì sì wọ̀ ọ́ láti ìlà-oòrùn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn Júù sá àsálà lọ sí Lituéníà tó wà nítòsí. Nígbà tó di oṣù Kẹfà ọdún 1940, àwọn ọmọ ogun Sófíẹ̀tì gba Lituéníà náà. Ìjọba tuntun pàṣẹ pé kí àwọn aṣojú ilẹ̀ òkèèrè ti ọ́fíìsì wọn. Jámánì ti gba púpọ̀ nínú ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù, ọ̀nà ibẹ̀ ti dí. Ọ̀nà tó kù ni kí wọ́n wọ rélùwéè la ilẹ̀ Sófíẹ̀tì já títí dé Vladivostok ní etíkun, kí wọ́n sì ti ibẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Japan.

Ibí ni òfin físà ìkọjá ti dí wọn lọ́nà. Kí orílẹ̀-èdè tó jẹ́ kí ènìyàn kọjá, yóò kọ́kọ́ béèrè ibi tó ń lọ gan-an. Àwọn Júù wọ̀nyí kò ní ibi kankan tó fẹ́ gbà wọ́n.

Ọkùnrin méjì ní ìlú Kaunas ló wá nǹkan ṣe sí i. Èkíní ni Jan Zwartendijk, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ Philips tí wọ́n fi ṣe aṣojú Họ́lándì. Ó ń kọ ọ́ sínú ìwé ìrìnnà wọn pé ènìyàn kò nílò físà láti wọ Curaçao, erékùṣù Họ́lándì kan ní Kàríbíánì. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìdajì òótọ́ ni. Kò kọ ọ́ pé gómìnà ibẹ̀ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí ẹnikẹ́ni tó gúnlẹ̀.

Èkejì ni Chiune Sugihara, aṣojú Japan. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní Tokyo sọ pé ẹni tí ìwé rẹ̀ pé, tó sì ní owó tó tó, nìkan ni kó fún ní físà. Ó béèrè lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n kọ̀ fún un lẹ́ẹ̀mẹta. Ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ físà, láti òpin oṣù Keje títí ó fi kúrò ní Kaunas ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án. Orúkọ 2,140 ló wà nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀, físà kan sì lè kó gbogbo ìdílé.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ ìtàn yìí bí ẹni pé Sugihara nìkan ló ṣe é. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Igi kan kì í dá igbó ṣe. Bí kò bá sí ìwé Curaçao, kí ni Sugihara ì bá gbé físà lé? Sófíẹ̀tì ní láti fún wọn ní ìwé àṣẹ ìjáde. Àwọn òṣìṣẹ́ etíkun Tsuruga ní láti gbà wọ́n wọlé. Ní Kobe, àwọn Júù ìlú náà bọ́ wọn, wọ́n sì wá ilé fún wọn; ìjọba Japan náà sì fi kún ọjọ́ wọn. Nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan tí kò rí ibi lọ ni wọ́n kó lọ sí Shanghai ní ọdún 1941. Físà ìkọjá kò wúlò bí ẹni tó kàn lójú ọ̀nà bá ti ilẹ̀kùn. Àwọn kan gba físà Sugihara ṣùgbọ́n wọn kò rí ìwé ìjáde gbà. Nígbà tí Jámánì wọ Lituéníà ní oṣù Kẹfà ọdún 1941, ọ̀nà ti dí pátápátá. Kí ogun tó parí, wọ́n ti pa ju mẹ́sàn-án lọ nínú Júù mẹ́wàá tó wà níbẹ̀.

Àwọn kan lè béèrè pé, ṣé ó tọ́ kí òṣìṣẹ́ ìjọba rú àṣẹ ọ̀gá rẹ̀? Ìbéèrè gidi ni. Bí oníkálukú bá ń ṣe bó ṣe wù ú, ìjọba kò ní dúró. Ṣùgbọ́n a ṣe òfin físà kí àlejò má bàa di ẹrù sí onílé lọ́rùn. Ẹni tí ikú ń lé, tó ń bẹ̀ ọ́ pé kó ṣáà gba ojúde rẹ kọjá, kò tíì di ẹrù sí ẹnikẹ́ni lọ́rùn. Sugihara kò sì fi ara pamọ́: ó kọ orúkọ gbogbo wọn sílẹ̀, ó sì fi ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀gá rẹ̀.

Ní ọdún 1947, lẹ́yìn tó padà sí Japan, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ísírẹ́lì dá a lọ́lá ní ọdún 1984, ọdún méjì kó tó kú. Zwartendijk kú ní ọdún 1976, ọdún 1997 ni wọ́n tó dá òun náà lọ́lá.

Àwa akẹ́kọ̀ọ́ òní ni a óò jókòó sí irú ọ́fíìsì bẹ́ẹ̀ lọ́la. Òǹtẹ̀ yóò wà lọ́wọ́ wa, àwọn ènìyàn yóò sì tò síwájú wa. Ó yẹ kí a mọ òfin dáadáa, kí a sì mọ ìdí tí wọ́n fi ṣe é.